Òtítọ́ Dé Ọgbà Mẹkáníìkì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí jọ ọ̀rọ̀ eré, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Ìbéèrè kan ni. Bí ẹnìkan bá fi ìdánilójú sọ ohun tí kò mọ̀, tí ohun náà sì wá já sí òótọ́, ṣé onítọ̀hún purọ́ àbí kò purọ́?

Ẹ má tètè dáhùn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò ní, "Nígbà tó ti já sí òótọ́, kí ló tún kù? Òótọ́ kúkú lòótọ́." Ẹ jẹ́ kí n gbé ìbéèrè náà wá sí ibi tó ti ń ná ènìyàn lówó lójoojúmọ́, ìyẹn abẹ́ mọ́tò. Àní abẹ́ àwọn mọ́tò tí ẹsẹ̀ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́, àwọn jíípù àti Hilux tí à ń pè ní fọ́ọ̀-wíìlì.

Ẹ jẹ́ ká mú un pé Lágbájá ń ra kòkó ní agbègbè Oǹdó. Ìgboro ló ń gbé, ṣùgbọ́n inú oko lọjà rẹ̀ wà. Bí òjò bá ti dé, ọ̀nà oko a di ẹrẹ̀, mọ́tò kéékèèké kò ní lè débẹ̀ mọ́. Hilux rẹ̀ yìí ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá ti ki ọkọ̀ sí fọ́ọ̀-wíìlì, nǹkan a máa ró gbọ̀ǹ-gbọ̀ǹ lábẹ́ rẹ̀. Ó wà á lọ sọ́dọ̀ Tàmẹ̀dù, mẹkáníìkì rẹ̀. Tàmẹ̀dù ní kó wà á síwájú díẹ̀, kó wà á sẹ́yìn díẹ̀. Ó da etí sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú méjì, ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó ní, "Bàbá, tíráńsífà ti kú. Ẹ lọ wá owó Belgium."

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Kì í ṣe pé ó ní kí Lágbájá gbéra lọ sí ìlú òyìnbó. Ẹ̀rọ àlòkù láti òkè òkun ló ní kó lọ rà, irú èyí tó kún ọjà Ládípọ̀ ní Mushin àti ọjà Àràrọ̀mí ní Gate, n'Ìbàdàn. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó ẹ̀kọ. Owó tí Lágbájá ti kó jọ láti fi ra kòkó ni yóò bá a lọ.

Ó sanwó. Wọ́n tú ti àtijọ́, wọ́n gbé òmíràn sí i. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí lè gbà parí. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni pé ariwo dákẹ́ nítorí pé tíráńsífà ló bàjẹ́ lóòótọ́. Ọ̀nà kejì ni pé ariwo kò lọ, Lágbájá ti náwó ní ìnákúnàá. Ọ̀nà kẹta ló ń ya èmi lẹ́nu jù. Ariwo dákẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe tíráńsífà ló ń pariwo. Kí wọ́n tó lè tú tíráńsífà, wọ́n ní láti kọ́kọ́ tú àwọn irin gbọọrọ tó so mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n ń dá wọn padà, ọmọṣẹ́ kan fi gírísì sí oríkèé wọn tó ti gbẹ, ó sì fún àwọn nọ́ọ̀tì tó ti tú. Gírísì àti nọ́ọ̀tì ló mú ariwo lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀? Lágbájá yóò máa yin Tàmẹ̀dù títí ayé, Tàmẹ̀dù fúnra rẹ̀ yóò sì gbà tọkàntọkàn pé òun mọ̀ ọ́n.

Ẹ ò rí i pé pé nǹkan yọrí sí rere kò fi hàn pé ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe? Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn.

Kí ni tíráńsífà gan-an? Ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì ló máa ń wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó gba agbára tí ẹ́ńjìnnì rán wá, kí ó pín in, kí apá kan lọ sí táyà iwájú, kí apá kan lọ sí táyà ẹ̀yìn. Irin gbọọrọ méjì tí à ń pè ní pròpẹ́là ló ń gbé agbára náà lọ, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Bí ẹ bá tú ikùn tíráńsífà, ṣéènì irin lẹ ó bá nínú àwọn kan, bíi ti kẹ̀kẹ́ ṣùgbọ́n tó fẹ̀ jù ú lọ dáadáa. Nínú àwọn mìíràn, eyín irin tó ń jẹ ara wọn lẹ ó rí. Ọ̀pá kékeré tàbí bọ́tìnnì tó wà níwájú awakọ̀ ló ń pàṣẹ fún un. Bó bá wà ní 2H, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ti ọkọ̀. Bó bá wà ní 4H, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́. Bó bá wà ní 4L, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ á rọra máa rìn, ṣùgbọ́n agbára tó ń dé táyà á pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Òun ló ń yọ ènìyàn nínú ọ̀fìn.

Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun. Ọdún 1948 ni Land Rover àkọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì yá, ilé iṣẹ́ Leyland to Land Rover pọ̀ n'Ìbàdàn níbí. Nígbà tí Range Rover jáde lọ́dún 1970, wọ́n fi ẹ̀rọ kan sí àárín tó ń jẹ́ kí pròpẹ́là iwájú àti tẹ̀yìn lè yí ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra, ó sì ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Hilux àti irú wọn tí à ń wà kò ní ẹ̀rọ àárín yìí. Bí ẹ bá ti kì í sí 4H, ńṣe ni iwájú àti ẹ̀yìn so pọ̀ bí ìbejì tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ pọ̀. Bí ọ̀kan bá yí lẹ́ẹ̀kan, èkejì gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣẹ́rí, táyà iwájú máa ń rìn jìnnà ju tẹ̀yìn lọ. Nínú ẹrẹ̀, kò sí ìjà, táyà á yọ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà kò lè yọ̀. Ìfanfà náà á wá kó sínú pròpẹ́là àti sínú ikùn tíráńsífà, irin á máa lọ́ bí aṣọ tí alágbàfọ̀ ń fún. Síárìn á le, ọkọ̀ á máa ta gìrì, nǹkan á máa ró gbọ̀ǹ lábẹ́, ọ̀pá fọ́ọ̀-wíìlì náà lè kọ̀ kí ó má ṣeé dá padà sí 2H. Ẹni tí kò mọ̀ á ní tíráńsífà ti há. Kò há o! Bí awakọ̀ bá rọra fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn gbọọrọ ní ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀, ìfanfà náà á tú, ọ̀pá á sì gbọ́ràn. Wọn kì í ra èyí ní Ládípọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí ẹjọ́ wa. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ariwo ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí Tàmẹ̀dù gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹlẹ́rìí mélòó ló yẹ kó pè kí ó tó dájọ́ ikú fún tíráńsífà?

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní ni Lágbájá fúnra rẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀. "Bàbá, níbo lẹ wà nígbà tó ń ró? Ṣé orí ọ̀dà ni, àbí inú ẹrẹ̀? Ṣé ó ń ró ní 2H náà? Ṣé ó ń yí padà bí ẹ bá ṣẹ́rí sọ́tùn-ún tàbí sósì?" Bí ó bá jẹ́ pé orí ọ̀dà nìkan ló ti ń ró ní 4H, awakọ̀ lọ̀rọ̀ kàn, kì í ṣe ẹ̀rọ. Bí ó bá ń hó ní 2H àti 4H bákan náà, tí ohùn rẹ̀ sì ń yí padà bí ọkọ̀ bá ṣe ń ṣẹ́rí, ó yẹ ká kọ́kọ́ fura sí bẹ́ríǹ ẹsẹ̀ táyà kí á tó fura sí tíráńsífà. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ń ki ọ̀pá sí 4L ni irin ń ha irin, ẹ bi awakọ̀ bóyá ó dúró. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ńṣe ló yẹ kí ọkọ̀ dúró, kí gíà sì wà ní N, kí á tó lọ sí 4L tàbí kí á tó kúrò níbẹ̀. Ìwé ọkọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìwé ọkọ̀?

Ẹlẹ́rìí kejì ni táyà. Èyí ṣe pàtàkì fún àwa tí à ń ra táyà tòkunbọ̀, tí à ń ra méjì lónìí, tí a ó ra méjì mìíràn lóṣù tó ń bọ̀. Ká sọ pé Lágbájá ní 265/70R16 níwájú, ó sì rí 245/70R16 rà sí ẹ̀yìn. Rọ́ọ̀mù 16 ni méjèèjì, wọ́n wọlé dáadáa, ojú lásán kò sì lè tètè rí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Èyí tó tóbi máa yí nǹkan bí ìgbà 410 nínú kìlómítà kan. Èyí tó kéré máa yí nǹkan bí ìgbà 425. Bí ọkọ̀ bá wà ní 2H, kò séwu, olúkúlùkù ń yí bó ṣe wù ú. Bó bá bọ́ sí 4H, tí wọ́n so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, a jẹ́ pé ìyàtọ̀ ìyípo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń ṣẹlẹ̀ nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Tíráńsífà ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ohùn ìjà wọn ni Tàmẹ̀dù gbọ́, ó wá ní kí wọ́n sin ẹni tó ń là wọ́n níjà. Kódà bí nọ́ńbà ara táyà bá dọ́gba, tí méjì jẹ́ tuntun, tí méjì sì ti jẹ tán, ìyàtọ̀ á wà. Téèpù télọ̀ lásán tó fún un láti wọn àyíká táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni pròpẹ́là. Wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi òkúta dí táyà, wọ́n á di pròpẹ́là mú, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn. Bí oríkèé rẹ̀ bá ti ń mì, tàbí bí ibi tó ti ń yọ síra wọn bá ti gbẹ nítorí àìrí gírísì, òun ló ń ṣe gbọ̀ǹ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra tàbí tó bá fẹ́ dúró. N óò sọ ọ̀rọ̀ kan níbí: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ọkọ̀ sókè lórí jáàkì, kí ó tan ẹ́ńjìnnì, kí ó ki í sí fọ́ọ̀-wíìlì láti gbọ́ ariwo. Àwọn táyà tó kù nílẹ̀ yóò ti ọkọ̀ kúrò lórí jáàkì. Ọmọ ọlọ́mọ ló sábà máa ń wà lábẹ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kẹrin ni ọ́ìlì. Tíráńsífà ní ọ́ìlì tirẹ̀, òmíràn ń lo ọ́ìlì gíà tó ki, òmíràn ń lo irú èyí tó wà nínú gíábọ́ọ̀sì ọtọmátíìkì, ẹni tó bá sì ṣì í rọ ti dá ọgbẹ́ sílẹ̀. Kí wọ́n tú u sínú abọ́ funfun. Bí lẹ́búlẹ́bú eérú bá lẹ̀ mọ́ irin òòfà tó wà lẹ́nu nọ́ọ̀tì, ó lè jẹ́ ara lílò. Bí ẹ bá rí èérún irin tí ọwọ́ lè mú, tàbí tó ń rùn bí ohun tó jóná, ọ̀rọ̀ ti ń di ti ilé ìwòsàn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì ń dínkù tí ẹ kò rí i kó kán sílẹ̀, ẹ wo inú tíráńsífà. Bí síìlì tó wà láàárín àwọn méjèèjì bá ti jẹ, ọ́ìlì ti gíábọ́ọ̀sì lè máa wọnú tíráńsífà. Síìlì kékeré ló ń dáràn, odidi ẹ̀rọ méjì ló ń jìyà rẹ̀.

Bí gbogbo àwọn wọ̀nyí bá ti jẹ́rìí, tí gbọ̀ǹ-gbọ̀ǹ kò sì dákẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń fi agbára fa ẹrù ní 4H nínú ẹrẹ̀, nígbà náà la lè ní ó ṣeé ṣe kí ṣéènì ti nà, kó máa fo eyín. Ìgbà náà ni títú tíráńsífà tó jẹ́ ọgbọ́n. Àní títú u wò ni mo wí, n kò tíì ní kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ṣéènì àti bẹ́ríǹ ṣeé pààrọ̀ lọ́tọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ̀sùn mìíràn náà wà tí wọ́n máa ń fi kan tíráńsífà láìdáa. Wọ́n ní fọ́ọ̀-wíìlì kò mú mọ́. Nínú àwọn Land Cruiser àti Hilux àtijọ́ kan, nǹkan róbótó kan wà ní àárín táyà iwájú tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ fi ọwọ́ yí láti FREE sí LOCK. Bí kò bá yí i, tíráńsífà lè máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí ẹrú, táyà iwájú kò ní gbọ́. Nínú àwọn tuntun, iná fọ́ọ̀-wíìlì lè máa ṣẹ́jú nítorí fíúsì kan tàbí wáyà kan tó ti jẹ, tàbí nítorí mọ́tò kékeré tó yẹ kó so ásù iwájú pọ̀ kò dáhùn. Iṣẹ́ rìwáyà nìyẹn. Òmíràn, wọ́n ní 4L ń ta kúrò fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé rọ́bà ìjókòó gíábọ́ọ̀sì ló ti já, tàbí pé irin tó so mọ́ ọ̀pá náà fẹ́ àtúnṣe.

Ẹ̀yin ará, n kò kọ gbogbo èyí kí ẹ lè di mẹkáníìkì. Mo kọ ọ́ kí ẹ lè rí i pé ohun tí Tàmẹ̀dù fi ìṣẹ́jú méjì sọ, iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan ló wà láàárín òun àti mímọ̀ ọ́n.

Ó wá kù kí n dáhùn ìbéèrè mi. Ká ní tíráńsífà ló bàjẹ́ lóòótọ́. Ṣé Tàmẹ̀dù purọ́? Èmi ní ó purọ́. Kì í ṣe nípa ọkọ̀ ló ti purọ́ o, nípa ara rẹ̀ ni. Nígbà tó ní "tíráńsífà ti kú," ọ̀rọ̀ méjì ló sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Èkejì, tí kò fi ẹnu sọ ṣùgbọ́n tí Lágbájá gbọ́ ketekete, ni pé, "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì mọ̀." Èkíní jẹ́ òótọ́, èkejì kì í ṣe òótọ́. Èkejì yìí gan-an sì ni Lágbájá gbára lé tó fi lọ kó owó kòkó.

Ẹ wò ó báyìí ná. Wọ́n jalè lọ́jà, ẹnìkan kàn na ìka sí ọmọkùnrin kan nítorí pé aṣọ rẹ̀ dọ̀tí. Wọ́n tú àpò ọmọ náà, wọ́n sì bá owó ọlọ́wọ́ níbẹ̀. Ṣé a ó wá máa pe ẹni tó nàka náà ní adájọ́? Lọ́jọ́ mìíràn, ọmọ mìíràn tí aṣọ rẹ̀ dọ̀tí ni yóò tún nàka sí, ọmọ yẹn sì lè má jí nǹkan kan. Ẹ sì mọ ohun tí à ń fi táyà àti epo ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ẹnìkan á ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mẹkáníìkì tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, etí rẹ̀ nìkan tó." Mo gbà pé etí àgbà ọ̀jẹ̀ kì í ṣe etí lásán. Ṣùgbọ́n etí náà ẹlẹ́rìí ni, kì í ṣe adájọ́. Ìyàtọ̀ sì wà láàárín kí ọ̀gá ní, "Ó jọ ṣéènì létí mi, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò," àti kí ó ní, "Ṣéènì ni, ẹ lọ mówó wá." Gbólóhùn àkọ́kọ́ kò dín iyì rẹ̀ kù. Bí ó tilẹ̀ ní, "N kò mọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ tú u kí n lè mọ̀," olóòótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ẹjọ́ Tàmẹ̀dù náà, kí èmi gan-an má baà di àgbà òṣìkà. Ká ní ó sọ lọ́jọ́ náà pé, "Bàbá, n kò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn síbí, kí n wọn táyà, kí n wo pròpẹ́là, kí n tú ọ́ìlì wò." Kí ni Lágbájá yóò ṣe? Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Yóò sọ nínú ara rẹ̀ pé ọmọ yìí ò mọṣẹ́. Yóò gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, yóò wa ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní í lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ká tiẹ̀ ní ó ní sùúrù, tí Tàmẹ̀dù fi gbogbo ọjọ́ wá a, tó rí i pé táyà ni, tó wá béèrè owó iṣẹ́, ẹ ó gbọ́ ohùn Lágbájá: "Owó kí ni? Kí lo ṣe? O ò ṣáà pààrọ̀ nǹkan kan!"

Àṣírí ọ̀rọ̀ nìyí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó gba owó tíráńsífà lọ́wọ́ Lágbájá tí kò nílò rẹ̀, Lágbájá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó gba Lágbájá lọ́wọ́ ìnákúnàá, Lágbájá kò fẹ́ fún un ní nǹkan. Àwọn àgbà ti rí wa tipẹ́tipẹ́ tí wọ́n fi ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. À ń sanwó irin, à ń sanwó òógùn, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ sanwó mímọ̀. Nígbà tí a kò sì fẹ́ rà á, kí ló dé tí ẹnu ń yà wá pé kò sí lórí àtẹ?

Bẹ́ẹ̀ àṣà wa kọ́ nìyí. Ẹni tó bá tọ babaláwo lọ láyé àtijọ́, owó ló kọ́kọ́ ń fi sílẹ̀ kí wọ́n tó dá Ifá. Owó àyẹ̀wò ọ̀tọ̀, owó ẹbọ ọ̀tọ̀. Babaláwo tó bá rí ènìyàn lókèèrè tó ní kó lọ mú ewúrẹ́ wá láì tíì gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀, ìlú á mọ̀ pé ebi ló ń pa á. Yálà ẹ jẹ́ mùsùlùmí tàbí kìrìsìtẹ́nì, ẹ rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Lónìí náà, a ń sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn. Bí èsì bá sì ní kò sí àìsàn, inú wa a dùn, a kì í ní kí wọ́n dá owó wa padà. Kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì nìkan la ti ń fẹ́ kí ìmọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́?

Mo ti gbọ́ àtakò yín. Ẹ ní bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí san owó àyẹ̀wò, àwọn kan á gbà á, wọn ò sì ní yẹ nǹkan kan wò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tòótọ́ ṣeé fi hàn. Abọ́ ọ́ìlì ṣeé wò. Téèpù ara táyà ṣeé kà. Pròpẹ́là tó ń mì, ẹ̀yin náà ẹ lè fi ọwọ́ mì í. Bí wọ́n bá sì ti pààrọ̀ tíráńsífà, kí ẹ ní kí wọ́n tú òkú rẹ̀ síwájú yín, kí wọ́n nawọ́ sí ohun tó pa á. Ẹni tó mọ̀ á lè fi ṣéènì tó ti nà hàn yín. Ẹni tí kò mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí bínú.

Ó ku àwọn ọmọṣẹ́. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Tàmẹ̀dù kò kọ́ sípánà nìkan. Ó ń gbọ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Bí ó bá lo ọdún márùn-ún níbẹ̀ tí kò gbọ́ "n kò tíì mọ̀" lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ rí, á gbà pé àfojúdá gan-an niṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tó bá gba òmìnira, òun náà á máa dájọ́ ikú fún ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú méjì méjì. Lọ́jọ́ kan, kì í ṣe ẹjọ́ ariwo ni wọn yóò gbé wá bá a, ẹjọ́ bíréèkì ni. Níbẹ̀, àfojúdá kì í gba owó nìkan.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ gbọ̀ǹ-gbọ̀ǹ lábẹ́ ọkọ̀ yín, tí ẹ sì dé ọgbà mẹkáníìkì, ẹ má ṣe béèrè pé kí ló bàjẹ́. Ẹ bi í pé, "Ọ̀gá, èló ni owó àyẹ̀wò?" Bí ó bá dá a lé yín, ẹ san án láìjanpata, kí ẹ sì dúró wò ó. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, tó ní òun kì í gba owó àyẹ̀wò, pé etí òun nìkan ti tó, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ rọra gba kọ́kọ́rọ́ yín.